Òkúta Tó Ní Etí Ogójì

Ẹ̀yin ará Òkè-Àparò, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ rọra jókòó, ẹ má wọ́ àga nílẹ̀, ẹ má sì pàtẹ́wọ́ fún mi lónìí bí ẹ ti máa ń ṣe. Ọmọ tó wà lórí itan mi yìí, Wúràọlá ọmọ mi ló bí i, oṣù mẹ́ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Èémí rẹ̀ ni mo ń ṣọ́. Bí mo bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ tí mo tẹrí ba, ẹ má rò pé àgbà ti gbàgbé ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé. Ẹ dúró dè mí, mò ń gbọ́ bóyá ó mí ni. Bó bá mí, a ó máa bá ìtàn lọ. Bí kò bá mí, ìtàn tán nìyẹn, kí ẹ bá mi ké sí ìyá rẹ̀.

Èmi ni Ọdẹ́gbàmí, ọmọ a-rí-ẹfọ̀n-má-yẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ta ló pa ẹkùn tí kò jẹ́ kí bàbá yín lè lọ sóko? Èmi yìí náà ni. Mo ti bá iwin olórí méje jẹun nínú abọ́ kan ṣoṣo, èmi ni mo sì mú ẹran tó tóbi jù. Etí mi yìí ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹtu lórí ewé gbígbẹ láti òdìkejì odò. Ẹ rántí ti etí yẹn dáadáa, nítorí òun nìkan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé báyìí, kò sì tó.

Gbogbo wa la mọ àrùn ọyẹ́ tó ń bá àwọn ọmọ wa fínra. Ọmọ á sùn, èémí rẹ̀ á dúró, kò ní wúkọ́, kò ní ké. Bí ẹnìkan bá wà nítòsí tó gbọ̀n ọ́n, á mí padà. Bí kò bá sí ẹnìkan, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìdí nìyẹn tí Mọjírọ́lá, ọmọ olóògbé alágbẹ̀dẹ tó rọ ìbọn mi, fi padà wálé láti ìlú ńlá, tó dá ilé-iṣẹ́ Etí-Ìyá sílẹ̀ lórí òkè yìí. Ẹ mọ bó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á lẹ nǹkan kan tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ mọ́ ọmọ láyà, nǹkan náà á máa fi èémí rẹ̀ ránṣẹ́ sí àpótí kan nínú ilé-iṣẹ́. Bí èémí bá dúró pẹ́nrẹ́n, fóònù ìyá á pariwo.

Inú àpótí yẹn ni wàhálà wà. Ẹ̀rún òkúta kan tí kò tó èékánná ló ń ronú fún un. Àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè é ní ṣíìpù, èmi ń pè é ní òkúta onílàákàyè. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọjà ni wọ́n ti rà á, irú rẹ̀ ni gbogbo ayé ń rà. Ó mọ sinimá í fi hàn, ó mọ àwòrán í yà, ó mọ eré í ta, ó mọ ìṣirò tí olùkọ́ yín kò mọ̀. Iṣẹ́ kan péré la gbé fún un, pé kó máa gbọ́ bí ọmọ ti ń mí. Ó ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ bátìrì bí ẹni tó ń jẹun fún gbogbo ẹbí, ara rẹ̀ sì ń gbóná débi pé èèyàn lè yan ẹ̀pà lé e lórí. Ní àkókò ọyẹ́, tí eruku bá bo sólà, ọ̀sán kì í pọ́n tán kí iná àpótí tó kú. Lọ́dún tó kọjá, ó kú bẹ́ẹ̀, a sì sin ọmọ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni Mọjírọ́lá wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó bi mí léèrè ìdí tí mo fi ní kí bàbá rẹ̀ rọ ìbọn fún mi nígbà tí ìbọn kún ọjà. Mo ní ìbọn ọjà, èjìká gbogbo ayé ni wọ́n ṣe é fún, ìdí nìyẹn tí kò fi bá èjìká ẹnikẹ́ni mu. Bàbá rẹ̀ fi okùn wọn apá mi, ó béèrè ẹran tí mò ń pa, ó béèrè ojú tí mo máa ń dì. Ohun tí n kò nílò, kò fi sí i. Ìbọn náà fúyẹ́, ẹ̀tù díẹ̀ ló ń jẹ, kò sì tàsé rí, àyàfi ọjọ́ kan tí ẹ̀yin náà mọ̀, a ò ní í sọ ìyẹn.

Ó ní, "Baba, bí mo ti fẹ́ ṣe òkúta náà nìyẹn. Mo fẹ́ èyí tí kò mọ sinimá, tí kò mọ eré, tí kò mọ nǹkan kan láyé ju èémí ọmọ lọ. Ohun tí kò bá mọ̀, kò ní jẹun nítorí rẹ̀."

Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń ya àwòrán òkúta náà. Ó tú u sílẹ̀ níwájú mi, ọ̀nà tó wà nínú rẹ̀ ju ọ̀nà gbogbo ìlú tí mo ti dé lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Mọjírọ́lá lè yà á, kò lè gé e. Àgbẹ̀dẹ kan ṣoṣo ló wà láyé tó lè gé irú òkúta bẹ́ẹ̀, àárín igbó iwin ni ọ̀nà ibẹ̀ gbà, mọ́tò kì í dé ibẹ̀. Ta lẹ rò pé wọ́n máa rán?

Kí n tó lọ, ó ní kí n kọ́kọ́ yí ìlú ká, kí n ka iye ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò tí ì kúrò nínú ewu, kí n sì ka oyún pẹ̀lú, nítorí iye etí tí òkúta náà máa ní, etí kan fún ọmọ kan, ẹnu mi ni àgbẹ̀dẹ ti máa gbọ́ ọ. Mo ní ó ti yé mi. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé. Mo kí wọn, mo jẹ ẹ̀kọ wọn, mo gbé ọmọ wọn jó. Kíkà ni n kò kà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ta ló máa dúró lójúlé ẹni tó sin ọmọ lánàá, tí yóò máa nàka sí èyí tó ṣẹ́ kù? Ojú mi ló ń kà wọ́n láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi, ó sì kà wọ́n dé ogójì. Ní ti oyún, ojú mi pàápàá kò wo apá ibẹ̀. Wúràọlá wà nínú oyún oṣù kẹrin nígbà náà, mo sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkan.

Ẹ dúró ná.

Ó mí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

N kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ dá yín lágara. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni mo já sí Ìlú Ìtò. Níbẹ̀, gbogbo ilé-iṣẹ́ ayé tó ń fẹ́ òkúta onílàákàyè ló tò sẹ́yìn ara wọn. Àwọn mìíràn ti dúró pẹ́ débi pé ẹsẹ̀ wọn ti ta gbòǹgbò. Mo rí ọkùnrin kan tí ẹyẹ ti pamọ lé lórí, ó bẹ̀ mí pé kí n má lé wọn, wọ́n ti mọ́ òun lára. Iwin kan jókòó síwájú wọn, Alápá-Ẹgbẹ̀rún ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń ta òkúta, oríṣi kan náà sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá wù ú ló ń fún. Bí ẹni ńlá bá dé lẹ́yìn, á fà á síwájú, àwọn tó ti ta gbòǹgbò á sì máa wò ó.

Èmi ọmọ a-rí-ẹfọ̀n-má-yẹsẹ̀ kò tò. Mo kọjá lára gbogbo wọn, mo dúró níwájú rẹ̀, mo ní kó ta òkúta kan fún mi tí kò ní mọ̀ ju èémí ọmọ lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí apá rẹ̀ fi ń gbá ara wọn.

Ó ní, "Agbádá kan ni mo máa ń rán. Ẹni tó bá ga, kó tẹ̀. Ẹni tó bá kúrú, kó máa wọ́ ọ nílẹ̀. Èmi ò mọ ọmọ yín."

Mo gbé ìbọn sójú, mo fà á. Ẹ̀tù inú rẹ̀ ti di omi, ó ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Ó fi ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún apá rẹ̀ gbé mi bí ẹni gbé adìẹ, ó gbé mi sí ẹ̀yìn gbogbo èèyàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ apá méjì péré ló ní, ẹ̀yin ni ẹ̀ bá máa jẹ ẹran rẹ̀ báyìí. Ọkùnrin ẹlẹ́yẹ sọ fún mi pé bí mo bá mọ ohun tí mò ń ṣe, kí n má dúró, nítorí ẹni tó bá fi oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìgbà tó bá wu onítọ̀hún ni ọmọ máa jẹun. Mo gbé àwòrán Mọjírọ́lá, mo bọ́ sínú igbó.

Igbó náà gbóná. Orí-Gbóná ló ń gbé ibẹ̀, iwin tí orí rẹ̀ tó ilé ẹlẹ́nu mẹ́rin. Kò sí ohun tí kò mọ̀. Ó di ọ̀nà mú, ó ní ẹnikẹ́ni kò lè kọjá láìbi òun ní ìbéèrè kan, àti pé ẹni náà ló máa bọ́ òun títí òun á fi dáhùn. Ọgbọ́n ọdẹ ni mo dá. Mo wá ìbéèrè tó kéré jù láyé, mo ní, "Ṣé mo ń mí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé ayé. Ó ka orúkọ gbogbo odò, ó ka egungun inú ẹja, ó kọ orin ìlú méje, ó ya àwòrán ìyá mi nígbà tó wà ní wúńdíá. Bó ti ń sọ ló ń jẹ. Ó jẹ iṣu mi, ó jẹ ẹran gbígbẹ mi, ó jẹ àpò tí mo kó wọn sí. Ọjọ́ méje ni mo fi ń pa ẹran fún un, tí ooru orí rẹ̀ sì ń bó mi lára. Ọjọ́ kẹjọ ló ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ò ń mí." Ó wá ní òun náà máa pa àlọ́ kan fún mi kí n tó lọ: kí ló mọ ohun gbogbo tí kò lè ṣọ́ ọmọ kan sùn? Mo ní òun ni. Ó ní òótọ́ ni, ó bú sẹ́kún, omijé rẹ̀ ń hó bó ti ń jábọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo mọ̀ pé ọmọ alágbẹ̀dẹ kò parọ́ fún mi.

Ó pé oṣù mẹ́ta kí n tó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀dẹ náà. Ìyá Afìmọ́lẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń pè é. Kò ní owú, kò ní ẹwìrì, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń gé òkúta, ẹyọ eruku kan sì lè ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́. Nítorí náà, wọ́n wẹ èmi ọdẹ ní ẹ̀ẹ̀meje. Wọ́n fá orí mi, wọ́n fá ìpéǹpéjú mi, wọ́n gba oògùn ara mi, wọ́n gba ìbọn, wọ́n fi aṣọ funfun bò mí bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi. N kò tí ì dúró níwájú ẹ̀dá kankan láìní nǹkan lọ́wọ́ rí láyé mi. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní í pa irọ́ fún yín.

Ìyá náà fi ọjọ́ mẹ́ta ka àwòrán Mọjírọ́lá. Ó ní ẹni tó yà á fẹ́ràn ọmọ. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka sí àlàfo kan tí Mọjírọ́lá kò kọ nǹkan sí.

Ó ní, "Ọmọ mélòó ni yóò máa mí sí òkúta yìí létí?"

Mo ní wọ́n wà ńbẹ̀, Olúwa á dá wọn sí.

Ó ní, "'Wọ́n wà ńbẹ̀' kò ṣeé gé sára òkúta. Alágbẹ̀dẹ ilé yín máa ń fi irin díẹ̀ sílẹ̀, bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, á tún un kì bọ iná. Ní tèmi, mo gé e, mo gé e ni. Iye tó bá tẹnu rẹ jáde ni iye náà títí ayé."

Mo rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń jí nǹkan. Mo ní ogójì.

Ó ní, "Oyún ńkọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, iwin ni o. Kò ní ojú, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló wà níbi tó yẹ kí ojú wà, kò sì sí oògùn kankan lára mi. Ìyá tó bí mi kò sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé òun lóyún mi, ikùn ló sọ fúnra rẹ̀. Ṣé èmi ni n ó wá dúró níwájú iwin kí n máa dárúkọ oyún ọmọ mi fún un? Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, á mú un. Mo rò pé ààbò ni mò ń dá bò ó.

Mo ní, "Kò sí."

Ó tún un béèrè. Mo tún un wí. Ó gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè, ó gé etí ogójì sí òkúta náà. Ó fi ẹyọ kan lé mi lọ́wọ́, ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn mi ti pọ̀, bí ìlú mi bá fẹ́ òmíràn, kí a kà á sí ọyẹ́ méjì kó tó kàn wá. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ará, tèmi ti bọ́ sílẹ̀, n kò tilẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ yìí gan-an ni mo wọlé. Mọjírọ́lá gba òkúta, ó fi sínú àpótí, gbogbo yín sì wà níbẹ̀. Ó tutù bí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi. Sólà tí kì í gbé wa dé ọ̀sán gbé e fún ọjọ́ méjì láìwo oòrùn. Ẹ jó. Ẹ gbé mi sókè, ẹ kì mí, mo sì gbà pé mo tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà kúrò nínú ewu ti fún àwọn tuntun láyè, Mọjírọ́lá ń lẹ bọ́tìnnì mọ́ wọn láyà lọ́kọ̀ọ̀kan, òkúta sì ń gbà wọ́n. Ó kan ọmọ Wúràọlá níkẹyìn. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà. Àpótí kò dáhùn. Ó tú u, ó tún un lẹ̀. Ó wá ka àwọn tí òkúta ti gbà, wọ́n pé ogójì, ó sì wojú mi.

Ó ní, "Baba, ṣé ẹ ka oyún?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì yẹn lọ́wọ́. Kò bú mi. Ì bá sàn ká ní ó bú mi.

Ẹ má rò pé a káwọ́ gbera. A dá òkúta ọjà padà sínú àpótí mìíràn nítorí ọmọ yìí nìkan. Ọjọ́ kejì tí ọyẹ́ dé, iná rẹ̀ kú lọ́sàn-án, nígbà tí a sì tún iná fún un, ó jóná, èéfín gba yàrá kan. Mosúnmọ́lá tó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi yìí, Olúwa á dá tiẹ̀ sí fún un, òun ló wá bá wa pé ká jọ máa pín àyè ọmọ òun lò, ọjọ́ kan tiwa, ọjọ́ kan tirẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, tó jẹ́ ọjọ́ tiwa, èémí ọmọkùnrin rẹ̀ dúró. Ẹni tó wá tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló rí i, ló gbọ̀n ọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ wa mìíràn, Mosúnmọ́lá tún gbé bọ́tìnnì wá. Mo dá a padà fún un. N kò lè fi èémí ọmọ rẹ̀ ra ti ọmọ wa. Nínú ogójì yẹn, kò sí èyí tó máa kúrò nínú ewu kí ọyẹ́ tó lọ, n kò sì lè lọ bá ìyá kankan pé kó mú tirẹ̀ kúrò.

Nítorí náà, etí ló kù. Wúràọlá ń fi tirẹ̀ ṣọ́ ọ lóru, mò ń fi tèmi ṣọ́ ọ lọ́sàn-án. Ó ti dúró lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ mi. Mo gbọ̀n ọ́n, ó mí. Ṣùgbọ́n arúgbó ni mí, oorun ń kùn mí, òkúta tó tó èékánná kì í sì í tòògbé. Ó ń dùn mí. Ọwọ́ mi ni mo fi mú un wá láti òpin ayé, kò sì gbọ́ ti ọmọ mi.

Ìdí tí mo fi pè yín jọ rèé. Mọjírọ́lá ti bẹ̀rẹ̀ àwòrán tuntun. Ọyẹ́ méjì ni yóò gbà, kò lè ran ọmọ yìí lọ́wọ́, ó lè ran àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín ní gbangba, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ lóyún, àti ẹ̀yin tí ẹ̀ ń retí àtilóyún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ sókè. Ọwọ́ nìkan. N kò ní béèrè oṣù.

Ẹnikẹ́ni ò nawọ́.

Mo rí yín o. Mo rí ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìró sókè bo àyà. Mo rí ìwọ tó gbé igbá lé itan. Mi ò ní dárúkọ. Bó bá jẹ́ Wúràọlá ló jókòó níbẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa ṣẹ́jú sí i pé kó bò ó. Mọjírọ́lá wà lẹ́yìn yín pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kò tí ì kọ nǹkan kan sínú rẹ̀. Kí la ó sọ fún Ìyá Afìmọ́lẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá béèrè? Ṣé ká tún ní wọ́n wà ńbẹ̀ ni?

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹni tó ń wúkọ́ yẹn, jọ̀ọ́.

Ẹ dákẹ́.

Ẹ bá mi ké sí Wúràọlá.